Àdín Kì í Gba Iwájú Yangí

Ọmọ ní kí n má fi nǹkankan sí i. Mo ní n kò ní fi nǹkankan sí i. Mo tún fi ìyá tó bí mi lọ́mọ búra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi ná, ẹni tó bá fẹ́ bú mi á bú mi nígbà tí mo bá ṣe tán.

Àtọ́kẹ́ lorúkọ mi. Àdín ni mo ń dín ní Kuta, láti ọdún tí wọ́n ti gbé mi wọ ilé ọkọ mi Oyèdàmọ́lá, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹni tó bá bímọ láti ibí dé Ilé-Ogbó, tí kò fi àdín mi ra ọmọ náà lára, ẹni yẹn kò mọ̀ mí ni. Tiwaladé ni ọmọ tí àkọ́bí mi bí, Àníkẹ́ ni oríkì tí mo ń kì í. Ìwó ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ni mo lọ tí mo ń wẹ̀ ẹ́, tí mo ń fi àdín ra á lára títí ó fi rìn. Ó ti wá di obìnrin ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n báyìí, ó ń kàwé kẹ́mísírì ní yunifásítì tó wà ní Ìwó, ó fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé. Kò tíì fẹ́ ọkọ, ìgò ló ń fẹ́. Ojú rẹ̀ ni mo ti ń sọ ọ́, n kì í sọ ọ́ lẹ́yìn. Ó ní, "Màmá, ìgò kì í bèèrè oúnjẹ." Ẹ ò rí ẹnu rẹ̀ bí?

Iṣẹ́ tó ń ṣe yìí, mi ò ní purọ́, ó pẹ́ kó tó yé mi. Ó wá sí Kuta ní Sátidé kan, ó bá mi níbi tí mo ti ń pa èkùrọ́, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó jókòó tì mí. Ó ní, "Màmá, tí òróró bá ń gbóná, tí afẹ́fẹ́ sì kàn án, àwọn nǹkan wíńníwíńní kan máa ń já kúrò lára ara wọn nínú rẹ̀. Rádíkà la máa ń pè wọ́n. Gbogbo ohun tó wà nínú òróró ló ní èkejì, àwọn ni kò ní. Wọn ò sì lè dá wà. Èyí tó bá já, kíá ló máa fò mọ́ ẹni tó sún mọ́ ọn, á gba èkejì tiẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ náà á tún fò mọ́ ẹlòmíràn. Bí òróró ṣe ń bàjẹ́ nìyẹn."

Mo ní, "Ta ló wá rí wọn?"

"Kò sẹ́ni tó rí wọn. Kí ẹ tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ti wá, wọ́n ti lọ."

"Ohun tí kò sẹ́ni tó rí ni o wá ń wá láti ọdún mẹ́rin? Àníkẹ́, ṣé kò sí o?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní pańpẹ́ làwọn máa ń dẹ fún wọn. Ẹ̀tù funfun kan wà, tí wọ́n bá ti dà á sínú òróró, tí rádíkà bá fò mọ́ ọn báyìí, kò tètè ní lè já mọ́. Àwọn méjèèjì á jọ so mọ́ra fún wákàtí mélòó kan. Ẹ̀rọ kan sì wà tó ní òòfà ńlá nínú. Tí wọ́n bá gbé òróró náà sáàárín òòfà yẹn, ẹ̀rọ á ya ìlà sójú kọ̀ǹpútà. Bí ìlà náà ṣe pọ̀ tó, àti bí wọ́n ṣe jìnnà síra wọn tó, ni wọ́n fi ń mọ irú ẹni tí pańpẹ́ mú.

"Ó yé mi," mo ní. "Èkùrọ́ lalábàákú ẹ̀wà. Ẹ̀tù yín kò ní fi í sílẹ̀."

Ọmọ yìí pàtẹ́wọ́. "Màmá, ẹ̀yin ló yẹ kí wọ́n fi ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n!"

"Mo mọ̀," mo dá a lóhùn.

Ó wá sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà fún mi. Ẹ̀rọ olóòfà yìí kì í ṣe tiwọn. Wọ́n yá a láti òkè òkun ni, ọjọ́ mẹ́wàá péré ni wọ́n fún wọn, ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa dì í padà sínú àpótí. Orí kẹrin ìwé rẹ̀, orí tó jẹ́ ti àdín, ni kò tíì ní nǹkankan nínú. Tí ẹ̀rọ bá lọ láìjẹ́ pé wọ́n rí rádíkà àdín mú, orí yẹn ṣófo nìyẹn, ìwé kò sì lè parí pẹ̀lú orí tó ṣófo. Ó yọ ìgò kékeré kan jáde nínú báàgì, ìgò aláwọ̀ ilẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ bí ẹni gbé ẹyin.

"Àdín yín lásán ni mo fẹ́ o, Màmá. Ẹ má fi iyọ̀ sí i, ẹ má fi ewé sí i, ẹ má fi nǹkankan sí i."

"Kí n má fi àdúrà sí i?"

"Àdúrà kì í hàn nínú ẹ̀rọ. Ẹ búra."

Mo búra. Mo ti sọ fún yín.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó bà mí jẹ́. Ní ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ mi, yangí Èṣù kan wà níbẹ̀ láti ayé baba ńlá wọn. Oníṣàngó ni wọ́n, Ṣàngóbùnmi ni ìyá tó bí ọkọ mi ń jẹ́. Gbogbo ọmọ Yorùbá tó mọ ilé ló mọ̀ pé Èṣù kì í fojú kan àdín. Àdín lèèwọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ìkòkò àdín mi kalẹ̀ nínú ilé yẹn, ìyá ọkọ mi fà mí lọ́wọ́ dé iwájú yangí. Wọ́n ní, "Àtọ́kẹ́, máa dín àdín rẹ o, iṣẹ́ ni. Ẹ̀yìnkùlé ni kó máa gbà jáde. Ọjọ́ tó bá gba iwájú ẹni yìí kọjá, má pè mí."

Ṣọ́ọ̀ṣì onítẹ̀bọmi ni mò ń lọ, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ri àwọn ọmọ mi bọmi, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ ìyá níbẹ̀ dòní. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ìyá ọkọ bá bá ni sọ lọ́dún tí a wọlé, kì í jáde létí ẹni. Ẹ̀yìnkùlé ni àdín mi ń gbà jáde títí ẹni tó wà lẹ́yìn wa fi kọ́lé, tó mọ ògiri dí ọ̀nà náà pátápátá. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀?

Mo ronú títí. Mo ní, kí ló ń mú kí àdín jẹ́ àdín? Òórùn rẹ̀ ni. Mo lọ ra kànáfùrù lọ́wọ́ àwọn Hausa ní ọjà Ìwó. Bí mo bá ti sọ àdín kalẹ̀ báyìí, kó tó tutù, mo dà á sí i, ó dàárọ̀, mo sẹ́ ẹ, mo kó kànáfùrù dànù. Òórùn àdín kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo ní òróró ìpara ni, mo gbé e gba iwájú yangí kọjá, mo tilẹ̀ kí i. Nǹkankan kò ṣe mí. Láti ọjọ́ náà làwọn èèyàn ti ń sọ pé àdín Àtọ́kẹ́ kì í bàjẹ́, pé ó máa ń pé ọdún nínú ìgò. Mo ní ọwọ́ mi ló mọ́.

Ṣé ẹ rí ìgò Tiwaladé, tọkàntọkàn ni mo fi rọ àdín lásán sínú rẹ̀. Mo dì í mú, mo rìn dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo tún rìn lẹ́ẹ̀kejì. Ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo padà sínú ilé, mo gbé àdín náà kaná díẹ̀, mo fi kànáfùrù mẹ́wàá sí i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ṣà wọ́n kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo kà wọ́n, mẹ́wàá ló pé. Mo tún fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ. Mo ní ohun tí a ti yọ kúrò nínú nǹkan, ṣé ó tún kù níbẹ̀ ni? Mo gbé ìgò fún Abdulqowiyy, ọlọ́kadà wa, baba ọlọ́mọ mẹ́ta tí kì í sáré àsápajúdé. Ó gbé e dé Ìwó láyọ̀ àti àlàáfíà.

Lọ́sàn-án ọjọ́rú, fóònù dún. Tiwaladé ni. Kò kí mi dáadáa, mo ti mọ̀ pé nǹkan ṣe é.

"Màmá, àdín yín dákẹ́."

"Báwo ni àdín ṣe ń dákẹ́?"

"Òróró ẹ̀pà ya ìlà. Òróró tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù ya ìlà. Tiyín, ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní bóyá ọwọ́ mi ló ṣì, pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dẹ pańpẹ́ náà. Màmá, ṣé ẹ fi nǹkankan sí i?"

"Rárá o! Kí ni mo fẹ́ fi sí i?"

Ẹnu mi yá ju orí mi lọ. Ṣé ẹ mọ ohun tí ọmọ náà sọ? Ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Kò yẹ kí n bi yín. Mo mọ̀ pé ẹ ò lè purọ́ fún mi." Ó ní ọ̀jọ̀gbọ́n ti ní kó lọ ra àdín mìíràn lọ́jà, kó sì yọ orúkọ Kuta àti orúkọ mi kúrò nínú orí náà. Ó ní òun kò yọ ọ́. Ó ní torí àdín mi lòun ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, òun kò lè fi tẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní bóyá òun kò tilẹ̀ mọ iṣẹ́ yìí láti ọdún mẹ́rin, pé ó lè jẹ́ pé àwọn èèyàn kàn ń mú sùúrù fún òun ni.

Mo pa fóònù. Mi ò lè jẹun. Mo bínú sí yangí, mo bínú sí ẹni tó mọ ògiri sí ẹ̀yìnkùlé wa, mo bínú sí ìyá ọkọ mi tó ti wà nínú sàréè láti ọjọ́ pípẹ́, mo wá padà bínú sí ara mi. Ojú tì mí. Èmi tí mo wẹ ọmọ yìí, èmi náà ni mo jẹ́ kó máa pe ara rẹ̀ ní olódo.

Tí mo bá jẹ́wọ́ nìkan, kò tó. Àdín lásán ni wọ́n nílò, ọ̀la ló sì kù. Mo tún rọ àdín lásán sínú ìgò mìíràn, mo tún dé ẹnu ọ̀nà. Àgbàlagbà bíi tèmi, mo dúró níbẹ̀ tí mò ń bẹ òkúta. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n kọjá, nítorí ọmọ ni." Ẹsẹ̀ mi kò gbé. Mo yíjú padà. Ibẹ̀ ni mo ti rí òkìtì èkùrọ́ tí mo ti pa kalẹ̀.

Háà! Èkùrọ́ kì í ṣe àdín! Ta ló sọ pé Èṣù bá èkùrọ́ jà rí? Mo fò sókè bí ọmọdé, eékún mi dún, n kò bìkítà.

Nígbà tí Abdulqowiyy dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọjọ́bọ̀, èmi àti ìkòkò àti ìpọnkọ tí mo fi ń ro àdín àti àpò èkùrọ́ ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ ń kó kúrò nílé ni?" Mo ní kó máa wo iwájú rẹ̀. A gba iwájú yangí kọjá, mo gbé àpò èkùrọ́ sórí itan níbi tí ó ti hàn kedere. N kò fi nǹkankan pamọ́. Ní ẹnu géètì yunifásítì, ọ̀gá tó ń ṣọ́ ibẹ̀ bi mí pé kí ni mo dì sínú àpò. Mo ní rádíkà ni. Ó wo ìkòkò, ó wo ojú mi, ó ní kí n máa wọlé.

Tiwaladé kúnlẹ̀ nínú aṣọ funfun rẹ̀, ojú rẹ̀ wú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúndípẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé awò ojú lé iwájú orí, náà kúnlẹ̀ kí mi, wọ́n ní kí n jókòó. N kò jókòó. Mo ní tí mo bá jókòó, n kò ní lè sọ ọ́ mọ́.

"Àníkẹ́, ọkọ mi, mo purọ́ fún ọ. Kànáfùrù ni mo fi sínú àdín náà. Ọwọ́ rẹ kò ṣì. Èmi ni."

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, àti yangí, àti ògiri, àti ìbúra. Nígbà tí mo parí, mo ń retí kó kígbe mọ́ mi.

"Kànáfùrù," ó ní. "Láti ìgbà wo?"

"Kí wọ́n tó bí bàbá rẹ... ó ti pẹ́."

"Èyí tí ẹ fi ń ra mí lára ńkọ́?"

"Kànáfùrù wà nínú rẹ̀."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n di tábìlì mú, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Tiwaladé, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ ọ́, ọwọ́ rẹ mọ́. Màmá, ohun kan wà nínú kànáfùrù tó máa ń fi tiẹ̀ sílẹ̀ fún rádíkà kó tó ráyè já ti òróró gbà. Bí ẹ tilẹ̀ yọ kànáfùrù, nǹkan náà ti yọ́ sínú àdín. Pańpẹ́ tiyín ti mú wọn tán kí tiwa tó débẹ̀." Ni wọ́n bá dẹ́kun ẹ̀rín. "Àmọ́ ẹnu lásán nìyí o. Ẹ̀rọ ló máa sọ ọ́. Ọ̀la ni wọ́n ń gbé e lọ. Níbo la ti fẹ́ rí àdín tí kò ní kànáfùrù?"

Mo na ọwọ́ sí àpò mi. "Ẹ wá ibi tí mo máa dáná sí fún mi."

Ẹ̀yìn ilé ìwádìí náà ni mo ti dín in. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ń fi ọwọ́ dí imú, èéfín gba gbogbo ibẹ̀. Ta ló kàn? Mo ro èkùrọ́ títí ó fi dúdú, tí àdín ń sun jáde lára rẹ̀, mo dà á, mo sẹ́ ẹ. Tiwaladé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbóòórùn rẹ̀, ó sì sún sẹ́yìn fìrì.

"Màmá, kí ló ń rùn báyìí?"

"Àdín ni."

"Èyí kọ́ ni àdín."

"Òun gan-an ni, ọkọ mi. Èyí tí o mọ̀ ni kì í ṣe é."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi. Ọmọ tó ń kọ̀wé nípa àdín, èmi ni kò jẹ́ kó gbóòórùn rẹ̀ rí. N kò lè wo ojú rẹ̀. Ó gba ìkòkò lọ́wọ́ mi, ó wọlé lọ.

Wọ́n rọ díẹ̀ sínú ọ̀pá gíláàsì kan tó tín-ín-rín ju ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lọ, wọ́n ti fi ẹ̀tù pańpẹ́ sí i, wọ́n gbé e sínú ooru. A dúró. A tún dúró. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé àga fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Tiwaladé gbé ọ̀pá náà sáàárín òòfà. Ìlà kan bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì, ó ń lọ gbọọrọ, pẹrẹsẹ, kò gòkè, kò sọ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé Àtọ́kẹ́, o ti ba ayé ọmọ yìí jẹ́.

Ni ìlà náà bá fò sókè, ó já wálẹ̀.

"Ọ̀kan," Tiwaladé sọ wẹ́lẹ́.

Ó tún fò. Èjì. Mo ti dìde dúró. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ ń kà á báyìí, ọ̀jọ̀gbọ́n pàápàá. Àrún. Ẹ̀fà! Ìlà tún padà sílẹ̀, ó dákẹ́. Tiwaladé fi ojú pamọ́ sí ọrùn mi, mo gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù. Láti ìgbà tí mo ti ń dáná àdín, ohun yìí ti ń wá, ó ń lọ nínú ìkòkò mi, n kò mọ̀. Ọmọ mi ló dá a dúró kí n lè rí i.

Wọ́n wọn bí ìlà kan ṣe jìnnà sí èkejì, wọ́n ṣí ìwé, wọ́n dá orúkọ rẹ̀ mọ̀. Orúkọ náà gùn ju oríkì ìdílé ọkọ mi lọ, ẹ má bi mí. Wọ́n tún gbé èyí tí mo fi kànáfùrù sí wọlé, wọ́n fún un ní ooru kan náà, àsìkò kan náà. Pẹrẹsẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní méjèèjì ni yóò wọ orí kẹrin, pé wọ́n á sì ní láti kọ ìdí tí ẹni tó ṣe àdín fi fi kànáfùrù sí i.

Tiwaladé gbé bírò, ó wò mí. "Màmá, kí ni kí n kọ?"

"Kọ ọ́ pé ìyá àgbà rẹ ń bẹ̀rù ìyá ọkọ rẹ̀."

Ó kọ ohun kan. Òyìnbó ni, n kò lè kà á, àmọ́ mo rí Àtọ́kẹ́ níbẹ̀, pẹ̀lú àmì orí rẹ̀ pé.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, Abdulqowiyy ti ń fọn fèrè lóde. Àdín lásán ṣẹ́kù nínú ìkòkò, ó lọ́wọ́ọ́wọ́ síbẹ̀. Mo ní kí wọ́n má jẹ́ kí n gbé e padà, wọ́n mọ ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Tiwaladé bọ́ aṣọ funfun, ó jókòó sílẹ̀ nísàlẹ̀ àga mi, ó na apá méjèèjì sí mi. Ọṣẹ ibi iṣẹ́ ti jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ gbẹ táútáú.

"Ti ẹ̀rọ la ti ń ṣe láti àárọ̀," ó ní. "Tèmi ńkọ́?"

Mo tú ìdí ìró mi, ibi tí mo so kànáfùrù sí. "Ṣé èmi tí wọ́n ní kí n má fi nǹkankan sí i náà nìyí?"

"Ẹ fi sí i, Màmá. Ẹ jẹ́ kó pọ̀."

Mo fi ẹ̀yìn ìpọnkọ tẹ kànáfùrù náà sínú àdín, mo bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra á láti èjìká wá sí ọwọ́, bí mo ṣe ń ṣe nígbà tí kò tíì lè jókòó. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sí imú, ó pajú dé.

"Àdín rèé," ó ní.

N kò bá a jiyàn.